Eyín Ni Wọ́n Pè É

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí gbogbo wa ń gbé yàrá kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, l'Ékòó, inú gọ́tà ni páìpù omi wa gbà kọjá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí irú ẹ̀. Páìpù ọ̀hún ti bẹ́, lánlọ́ọ̀dù sì fi rọ́bà táyà wé ojú ibẹ̀. Tí omi bá lọ, ìdọ̀tí gọ́tà á wọ inú rẹ̀. Tí omi bá dé, ìdọ̀tí yẹn ló ń kọ́kọ́ jáde. Àwa ọmọdé la ń pọn omi náà. Ẹni tó bá da tiẹ̀ nù, ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ sókè ni. Màámi á fi álọ́ọ̀mù tó ń mú ìdọ̀tí rọ̀ sísàlẹ̀ sí i, á fi aṣọ sẹ́ ẹ, omi á mọ́ gaara. Òun la fi ń po ògì fún Bísí, àbúrò mi tó ń rákò, òun náà la sì ń fún un mu láìsè.

Bísí wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru.

“Ìyá Bọ́lá, eyín ni jàre,” Ìyá Sikírù, ará yàrá kejì, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Màámi; èmi ni Bọ́lá. “Bísí, ẹran ta lo fẹ́ jẹ tó o fi ń kánjú hu eyín?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. A ra oògùn eyín, a tún po ògì, a tún fún un lómi mu. Omi yẹn náà ni.

Nígbà tí ojú ọmọ wọnú, tó ń sunkún láìsí omijé, Màámi pọ̀n ọ́n, ó di ọsibítù. Mo sáré tẹ̀lé wọn.

“Eyín kì í mú ọmọ gbẹ báyìí, màmá,” nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ máa se omi kẹ́ ẹ tó fún un.”

“Kẹrosín dà, nọ́ọ̀sì? Èyí tá a fi ń se ọbẹ̀ gan-an ò tó.”

Nọ́ọ̀sì ò bú u. Ó po omi oníyọ̀ àti ṣúgà, Màámi ń fi ṣíbí bù ú sí Bísí lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, títí ọmọ fi tọ̀ sí i lára, àmì pé omi ti padà sára rẹ̀. Ẹ wo Màámi tí ìtọ̀ ń pa lẹ́rìn-ín, tó tún ń pa lẹ́kún!

Bísí ti di ìyá ọmọ báyìí, omi inú ọ̀rá ló ń rà fún tiẹ̀. Àmọ́ mo kọjá ní àdúgbò wa láìpẹ́ yìí. Ilé alájà ti kún ibẹ̀, owó ilé ti lọ sókè, páìpù ṣì wà nínú gọ́tà. Rọ́bà tuntun ni wọ́n wé mọ́ ọn. Obìnrin kan tó pọnmọ ń pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì níbẹ̀. Mo ní ara ọmọ ńkọ́.

“Ó ń yàgbẹ́ díẹ̀, Àǹtí. Eyín ni.”

Láyé ìgbà tiwa, a ò mọ̀ pé kì í ṣe eyín, àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì sọ fún wa. Lóde òní, lánlọ́ọ̀dù mọ̀ pé omi ni, àwọn tó ń gba owó omi mọ̀. Ìyá ọmọ nìkan ni wọn ò sọ fún. Mo ní kó sọ ọmọ náà kalẹ̀, kí n wò ó bóyá ojú rẹ̀ ti wọnú.