Àga Kan Ṣoṣo fún Òbí

Bàbá ará Íńdíà tó ń ṣojú àwa òbí nínú ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa ló kó ẹbí rẹ̀ padà sílé, ni àga rẹ̀ bá ṣófo. Àga kan ṣoṣo yẹn ló wà fún òbí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́ àgbà àti àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́ ló jókòó sórí àwọn tó kù. Lọ́jọ́ tí ìròyìn yẹn dé sórí Wásáàpù, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Industrial Area ní Sharjah, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, níbi tí mo ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù. Mo nu epo ọwọ́ mi, mo tún un kà. Mo ní, "Tèmi gan-an rèé."

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nílùú yìí. Habibi, ìyẹn olùfẹ́ mi lédè Lárúbáwá, ni gbogbo ayé ń pè mí lọ́jà, ẹni tó mọ̀ mí àti ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó wù mí kí n jókòó síbì kan tí wọ́n á ti máa bi mí pé kí ni mo rí sí ọ̀rọ̀.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Al Qusais, tí kò jìnnà sí wa, ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sán ló sábà máa ń wọṣẹ́, torí náà òun ló máa ń bá àwọn ọmọ wa méjèèjì dúró de bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, gbogbo wa jọ ń jẹun ìrọ̀lẹ́.

Mo ní, "Mo fẹ́ du àga yẹn o."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Èwo? Ti ilé ẹ̀kọ́?"

"Òun ni."

"Dádì, àwọn ìyá tí a jọ ń dúró de bọ́ọ̀sì ti ní kí èmi du ú. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń yọ mí lẹ́nu. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín ná."

Òfin ilé ẹ̀kọ́ ni pé ẹnì kan péré ló lè jáde du ipò nínú ilé kan. Àwa méjèèjì la mọ̀. Mò ń wò ó, ó ń wò mí, ọmọbìnrin wa ń bèèrè ẹran sí i.

Ìyàwó mi ní, "Ó dáa. Ẹ ṣe é. Màá sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ máa ṣe é."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Àmọ́ kò dùn. Wọ́n bẹ òun kó du ú. Èmi ńkọ́, ta ló bẹ̀ mí?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, mo tẹ̀ lé ìyàwó mi àtàwọn ọmọ lọ sídìí bọ́ọ̀sì kí n lè kí àwọn tó máa dìbò. Bí wọ́n ṣe rí ìyàwó mi ni ìyá kan ará Sudan dì mọ́ ọn. Ará Íńdíà kan yọ ike oúnjẹ kékeré kan jáde, ó ní kó tọ́ ọ wò. Òmíràn ń fi ojú ọmọ rẹ̀ tó pọ́n hàn án. Habibti níhìn-ín, habibti lọ́hùn-ún, bí wọ́n ṣe ń pe habibi tó bá jẹ́ obìnrin. Ó ń dáhùn gbogbo wọn, ó ń da Lárúbáwá díẹ̀ pọ̀ mọ́ Híńdì díẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó gbọ́ Híńdì. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹrù tí ẹnì kan gbé sílẹ̀ tó ń bọ̀ wá gbé.

Ìyàwó mi ní, "Ọkọ mi rèé. Òun ló ń du àga yẹn o."

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. Ará Sudan náà ní, "Tó bá jẹ́ ọkọ tìẹ ni, khalas, ó ti parí, a ti dìbò fún un."

Mo dúpẹ́. Nígbà tí mo dé inú ọkọ̀ mi, mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàgà.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti dìbò náà. Èmi àti ẹnjiníà kan ará Íjíbítì la jọ ń du ú. Mo sọ̀rọ̀ dáadáa, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ọ̀sán lágbàlá, tí oòrùn ń pa wọ́n nítorí pé kò sí ibòji. Bí mo ṣe parí, ìyá kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ṣé ohun tí madam yín náà rò nìyẹn?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, eyín nìkan ni mo fi rín in.

Mo wọlé. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀, àwọn ìyá dìde, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n lọ ń kí ìyàwó mi kú oríire.

Bí mo ṣe ń lo ipò náà nìyẹn. Orí àga ni èmi wà, àmọ́ fóònù ìyàwó mi ni gbogbo ẹjọ́ ń dé sí. Mo bá pinnu pé ibòji yẹn á jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi, kí gbogbo wọn lè rí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn wẹ́dà kan wà tó ń ṣe ọ̀pá irin tí wọ́n ń na aṣọ nínípọn lé, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀ kúrò nínú oòrùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo mú olórí wọn lọ wọn àgbàlá náà, mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìgbìmọ̀, mo bá wọn jiyàn títí wọ́n fi gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n na aṣọ náà tán, mo dúró lábẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ mi. Mi ò jẹ́ parọ́, orí mi wú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ohùn ìyá ará Sudan yẹn dún láti inú fóònù ìyàwó mi: "Habibti, shukran, a dúpẹ́ o! Bá wa kí ọkọ rẹ. Ó jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an dáadáa."

Mo dìde lórí àga. "Iṣẹ́ ta ni? Ṣé ìwọ lo rán mi ni?"

"Ẹ má bínú, màá ṣàlàyé fún un."

"Má ṣàlàyé nǹkan kan! Ìwọ ni wọ́n fẹ́. Gbogbo wọn, ìwọ ni wọ́n fẹ́!"

Mo rò pé ó máa bẹ̀ mí. Kò bẹ̀ mí. Ó pa fóònù, ó jókòó.

Ó ní, "Ẹ̀yin rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń jowú nínú ilé yìí? Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn lọ ìpàdé, inú mi máa ń ta. Mo bá yín lọ̀ ọ́ títí mo fi fẹ́ jó o. Èmi ni wọ́n pè, mo gbé e fún yín torí pé ọkọ mi lẹ jẹ́. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí pé ṣé mo fẹ́ ẹ."

"Ṣé o fẹ́ ẹ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ gan-an."

Àwọn ọmọ ń wo wá láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Mo sún omi tó wà níwájú mi sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì mu ún.

Nígbà tí ọdún ilé ẹ̀kọ́ parí, mi ò du ú mọ́. Òun ló jáde, kò sí ẹni tó bá a du ú. Ìdí bọ́ọ̀sì ti di tèmi báyìí láwọn àárọ̀ tó bá ní ìpàdé, àwọn ìyá yẹn sì ti ń kí mi. Ará Íńdíà yẹn ti fún mi ní oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ata rẹ̀ pọ̀ jù, àmọ́ mo jẹ ẹ́ tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti ìpàdé dé, ó ń rẹ́rìn-ín, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ni, Dádì. Wọ́n ní ká má sọ ọ́ síta."

Ó wọ yàrá lọ. Mo jókòó, mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún, ó sì ń ta mí bí ìgbà tí wọ́n bá da omi òroǹbó sójú ọgbẹ́.