Kọnkéré Àlejò

Kọnkéré fífọ́ niṣẹ́ Ọmọ́bọ́lá. Láti ìgbà tó ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò l'Ékòó wá sí Ìkẹ́rẹ́, ohun tó ń ṣe nìyẹn. Bíríkìlà á bu díẹ̀ nínú kọnkéré tó ń dà sórí ilé, á rọ ọ́ sínú àpótí irin kékeré, á jẹ́ kó gan. Ọmọ́bọ́lá á wá gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́. Bó bá ṣe lágbára tó lọ́sẹ̀ kìíní ló fi ń mọ bí yóò ṣe rí tó bá gbó.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, ti ṣọ́ọ̀ṣì Emùré ló kàn. Kò fọ́. Ọwọ́ aago ẹ̀rọ ń gòkè. Ó kọjá ibi tó yẹ kí ọmọ ọ̀sẹ̀ kan dé. Ó kọjá ibi tí èyí tó gbó pàápàá ń dé. Kó tó wá dún gbàù.

Ẹlòmíràn ìbá yọ̀. Ọmọ́bọ́lá fura. Kọnkéré tí wọ́n fi ṣọ́bìrì pò nínú oòrùn kì í dára báyìí. Orí dẹ́kìn ṣọ́ọ̀ṣì náà, ìyẹn àjà kọnkéré tí wọ́n dà lọ́sẹ̀ tó kọjá, sì ni èrò yóò jókòó lé lọ́la, ọjọ́ ìkórè. Abẹ́ rẹ̀ làwọn akọrin yóò dúró sí. Ìyá Ọmọ́bọ́lá wà nínú wọn.

Ó pe Bámgbóyè, bíríkìlà àgbà tó da dẹ́kìn náà.

"Bàbá, ẹ má yọ ọparun tó gbé e dúró lábẹ́ o."

"A ti ń yọ ọ́. Ṣé kò yege ni?"

"Ó yege jù."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìwé tó o kà ti wá ń bá ọmọ tó gba ipò kìíní jà?"

Ọ̀kadà ló gbé Ọmọ́bọ́lá dé ṣọ́ọ̀ṣì náà. Múyìwá káfíńtà ti tu ọparun àárín, ó ti ń gbá èyí tó kàn.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n ṣe tán. Ebi ń pa mí."

Ó yíjú sí Bámgbóyè. "Bàbá, níbo lẹ ti bu èyí tẹ́ ẹ rọ sínú àpótí mi?"

"Mo po tìrẹ lọ́tọ̀ ni. Sìmẹ́ńtì rẹ̀ kún dáadáa." Kò tilẹ̀ fi bò. "Ṣé uṣu jíjẹrà la í kó fún àlejò?"

Kò sí ẹ̀tàn lójú rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni. Ó ṣa èyí tó dára jù fún àlejò, ó da ìyókù sórí ilé.

"Bàbá, kì í ṣe pé mo fẹ́ jẹ ẹ́. Èyí tó wà lókè yìí ni mo fẹ́ mọ̀."

Bámgbóyè gbójú sókè. Ìlà kan, tín-ínrín bí irun, ti là níbi tí ọparun ti kúrò. Bámgbóyè bọ́ fìlà, ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, ó gbé ọparun náà nàró. Múyìwá ki igi pẹlẹbẹ bọ ìdí rẹ̀, ó ń rọra gbá a. Díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ojú Ọmọ́bọ́lá ò kúrò lára ìlà náà títí àwọn méjèèjì fi jáde.

Abẹ́ kánópì ni wọ́n ti ṣe ìkórè. Lọ́jọ́ Ajé, Ọmọ́bọ́lá gbé ẹ̀rọ dé, èyí tí yóò fi gbẹ́ díẹ̀ jáde lára dẹ́kìn gan-an, kó lè lọ tẹ̀ ẹ́ wò. Bámgbóyè ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí yóò gbẹ́. Ibi tó dán jù lọ.

Ọmọ́bọ́lá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ sàmì sí tòsí ìlà náà.