Ahọ́n Mi Ni Wọ́n Wò, Wọn Ò Bi Mí

Ta ni yóò gbà gbọ́ pé wọ́n fi ata dù mí nínú ilé ọmọ tí mo bí? Àní ata! Èmi tí mo fi ọbẹ̀ ata tọ́ ọmọ náà gan-an dàgbà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Thamesmead nílùú Òyìnbó ni ọmọbìnrin mi ń gbé, nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ó ní kí n wá bá òun tọ́jú àwọn ọmọ. Bí mo ṣe dé ni òtútù wọ̀ mí lára. Oúnjẹ ò wọlé mọ́, gbogbo aṣọ mi tóbi jù mí lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi ní ọsibítù, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ọmọ mi wá ní bí mi ò bá jẹun kí ara mi mókun, òun á dá mi padà sí Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀ kì í sùn àfi tí mo bá pọ̀n ọ́n. Ìyẹn ló ń já mi láyà jù.

Ìgbà náà ni ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ sọ fún un nípa dókítà ará Ṣáínà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ewé ní Plumstead High Street.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi. Ọmọ mi ti sọ pé dókítà náà máa ń wo ahọ́n. Ha! Ṣé ahọ́n onídọ̀tí ni mo fẹ́ yọ síta fún àlejò ni? Mo mú pákò tí mo gbé wá láti ilé, mo fi ha ahọ́n mi títí ó fi pọ́n yòò. Ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ bá kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ á ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni dókítà náà. Ó fi ìka lé ọrùn ọwọ́ mi, ọ̀tún àti òsì, ó dákẹ́ bí ẹni ń fetí sí ọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Ó ṣàlàyé pé agbára kan ń ṣàn kiri inú ara, qi ni wọ́n ń pè é. Pé yin ni apá tó tutù, tó sì rọ̀, yang ni apá tó gbóná, tó jí pépé, àìsàn sì máa ń dé tí ọ̀kan bá borí èkejì. Oúnjẹ náà, èyí tó ń mú ara gbóná wà, èyí tó ń mú un tutù wà. Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi, ó tiẹ̀ dùn mọ́ mi.

Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ṣé òtútù máa ń mú yín?"

Kí n tó la ẹnu, ọmọ mi ti dáhùn: "Rárá o, hítà máa ń wà ní títàn nílé."

"Ṣé omi gbígbóná ni ẹ máa ń fẹ́ àbí tútù?"

"Omi lásán ni wọ́n ń mu."

Òun nìkan ló ń dáhùn! Èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo wá di odi lójú ọmọ mi.

Dókítà ní kí n yọ ahọ́n. Ó ní ahọ́n tó pọ́n báyìí, tí kò sí nǹkan funfun kankan lórí rẹ̀, ooru ló pọ̀ jù nínú ara, yin ló ti gbẹ. Ó di òdòdó gbígbẹ tó ń mú ara tutù fún mi kí n máa fi omi gbóná rẹ ẹ́ mu, ó ní kí n jìnnà sí ata àti atalẹ̀.

Ooru kẹ̀! Èmi tí mo wọ súwẹ́tà léra wọn! Mo ń jà nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀ o." Ó kó gbogbo rodo mi tó wà nínú fírísà fún aládùúgbò. Ọbẹ̀ mi di omi pupa lásán. Mo ń mu omi òdòdó, inú mi ń tutù sí i, mo ń rù sí i. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo tíkẹ́ẹ̀tì Èkó lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Lọ́jọ́ kan tó wà níbi iṣẹ́, mo pọn àbíkẹ́yìn, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá dókítà fúnra mi. Inú ń bí mi débi pé mi ò rántí fọ ẹnu. Kí n tó jókòó ni mo ti sọ fún un pé òtútù ń mú mi, pé kò sẹ́ni tó bi mí.

Ó wo ahọ́n mi, ó tún un wò. Ó funfun báláú. Ó bi mí ohun tí mo ṣe sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sọ ọ́ fún un. Ọkùnrin náà fọwọ́ lérí. Ó ní ohun tí mo fi pákò ha dànù gan-an ni òun ń wá. Ó fọwọ́ kan ìka mi, ó ní òtútù ló wọ̀ mí nínú: kí n máa mu atalẹ̀, kí n máa jẹ ọbẹ̀ gbígbóná, kí n fi ata díẹ̀ sí i. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún èèyàn kó má ha ahọ́n? Ó bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà.

Láti ibẹ̀ mo lọ ra rodo ní ọjà Beresford Square. Nígbà tí ọmọ mi wọlé nírọ̀lẹ́, ọbẹ̀ wà níwájú mi, òógùn ń ṣàn lójú mi.

"Mọ́mì! Dókítà ní..."

"Dókítà fúnra rẹ̀ ti yí ọ̀rọ̀ padà! Èmi ni òtútù ń mú! Ahọ́n mi ni ẹ wò, ẹ ò bi mí!"

Ó dúró, báàgì iṣẹ́ ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. Ọmọ tó ń di ọwọ́ ọlọ́wọ́ mú látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ní ọsibítù, kò tíì di tèmi mú láti ìgbà tí mo ti dé.

Ó ní, "Mọ́mì, ṣé òtútù ń mú yín ni?"

Gbogbo ìjà tó wà lẹ́nu mi tán. Mo ní, "Ó ń mú mi, ọmọ mi. Má dá mi padà."