Àwòrán Bàbá Mi Níwájú Ẹnubodè Àbújá

Òórùn ọ̀dà tuntun ló pàdé mi ní pálọ̀ bàbá mi ní Ifọ̀, nígbà tí mo wálé ọdún Iléyá lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Ògiri kan ṣoṣo ni wọ́n kùn, èyí tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì gbé àwòrán ńlá kan kọ́ sí àárín rẹ̀. Kí n tó sọ ohun tó wà nínú àwòrán náà fún ọ, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú, bàbá mi wá kí mi ní Àbújá, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Wọ́n fẹ́ rí Àpáta Aso, wọ́n fẹ́ kírun ní mọ́ṣáláṣí ńlá olórí wúrà yẹn, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ wọ́n lógún jù ni kí wọ́n ya fọ́tò níwájú ẹnubodè ìlú, níbi tí gbogbo àlejò ti ń yà á. Wọ́n ti ṣèlérí fún àwọn ẹgbẹ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí Ifọ̀ pé àwọn á mú un bọ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wọ agbádá funfun, tí wọ́n ń dé fìlà, tí wọ́n á wá jókòó sórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Láràárọ̀ náà ni mò ń sọ pé iṣẹ́ ò jẹ́. "Ó di ọ̀la, Bàbá."

Irọ́ ni. Mo ti sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì mi pé ọ̀gá àgbà ni bàbá mi ní rélùwéè kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ń na àsíá níbi tí ojú irin ti gé títì kọjá ni wọ́n. Ohùn wọn ròkè, torí ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi bá ariwo ọkọ̀ ojú irin jà, kò sì sẹ́ni tí wọ́n rí tí wọn kì í kí, tí wọn kì í sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún. Ẹ̀rù ń bà mí pé a ó pàdé ẹni tó mọ̀ mí ní ẹnubodè. Nígbà tó di ọjọ́ keje, mo mú wọn lọ sí páàkì. Wọ́n di báàgì wọn mú, wọ́n ní, "Kò burú. Iṣẹ́ lo wá ṣe níbí, o ò wá ṣeré." Mi ò lè wo ojú wọn.

Nínú àwòrán ara ògiri yẹn, bàbá mi dúró nínú agbádá funfun kan náà. Ilé aago gíga kan wà lẹ́yìn wọn lẹ́bàá odò, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì. Lọ́ńdọ̀n ni. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé ayàwòrán kan ní Akute ló fi kọ̀ǹpútà gbé wọn síbẹ̀. Wọ́n ní kó gbé àwọn sí Àbújá, kò ní Àbújá lọ́wọ́, ló bá fún wọn ní èyí tó ní. Bàbá mi ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Àgbààgbà mẹ́ta láti mọ́ṣáláṣí jókòó, wọ́n ń jẹ ẹran Iléyá. Bàbá mi nawọ́ sí àwòrán náà. "Ọmọ yìí ló mú mi kiri. Kò síbi tá ò dé." Bàbá mi yíjú sí mi. "Kí lẹ tiẹ̀ ń pe ibẹ̀ yẹn?"

"Ẹnubodè Àbújá ni, Bàbá."

Àwọn àgbà náà ṣàdúrà fún mi pé àwọn ọmọ mi náà á tọ́jú mi báyẹn. Mo ṣe àmín. Ojú tì mí.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ padà, kí n mú wọn dé gbogbo ibẹ̀. Bàbá mi mi orí. "Mo yà á kẹ́nikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ mi ò ráyè tèmi. Mo ti sọ fún wọn pé mo ti rí i. Tí mo bá tún dìde pé mò ń lọ wò ó, kí ni kí n wí?" Mo bẹ̀ wọ́n lọ́dún yẹn, mo tún bẹ̀ wọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọn ò lọ títí wọ́n fi kú. Ìtìjú tí mò ń sá fún níjọ́sí, bóyá ni ì bá pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tí mo gbà dípò rẹ̀ ò tíì kúrò lára mi.

Pálọ̀ mi ni àwòrán náà wà báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin dúró síwájú rẹ̀. "Mọ́mì, ṣé Bàbá Àgbà ti lọ Lọ́ńdọ̀n rí ni?" Mo ní rárá, Àbújá ni wọ́n wá, ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi múra, èmi ni mi ò mú wọn jáde. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo wá sọ iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe fún un, àsíá pupa àti àsíá aláwọ̀ ewé, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wò mí títí. "Torí ìyẹn nìkan?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.