Kínimoṣe, Ológbò Ìyá Àgbà

"Kínimoṣe! Kínimoṣe o! Músù, músù, músù!"

Ìrọ̀lẹ́ ni. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n ń ṣa ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń tà sínú agbọ̀n, òórùn ẹja sì ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ológbò tí wọ́n ń pè nà gbalaja sí ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀, orí ẹja kan wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò sídìí fún ariwo rárá. Síbẹ̀ wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn tó wà ní òdìkejì, wọ́n tún gbé ohùn sókè: "Kínimoṣe!"

Ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Binúrẹ! Binúrẹ, máa bọ̀ wá jẹ èèpo iṣu."

Ewúrẹ́ ni Binúrẹ. Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì bàbá bàbá mi, ló ni ín. Bàbá náà ti kú tipẹ́, ó fi opó méjì sílẹ̀ nínú agbo ilé wa ní Ẹdẹ, yàrá wọn kọjú síra, wọ́n sì ti yan ara wọn lódì kí wọ́n tó bí mi. Orógùn ìrokà ló dá a sílẹ̀. Ìyá Àgbà ní àwọn yá ìyàwó àwọn ní orógùn, kò dá a padà. Ìyá Kékeré ní àwọn dá a padà, ìyáálé àwọn wá pe àwọn lólè níṣojú àlejò. Àwọn ará ilé a máa rẹ́rìn-ín pé orógùn ló ba àárín orogún jẹ́.

Láti ìgbà náà, ẹran ọ̀sìn ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ìyáálé bá ti fi ológbò bi gbogbo ayé pé kí ni àwọn ṣe, ìyàwó a fi ewúrẹ́ ní kí wọ́n bi inú wọn wò. Ìyá Kékeré kò jẹ́ fẹnu ara wọn sọ "rẹ" sí ìyáálé wọn láéláé, ọmọlúàbí ni wọ́n. Ewúrẹ́ ni wọ́n ń bá wí. Tí wọ́n bá sì pa Binúrẹ kan níléyá, orúkọ náà á bọ́ sórí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni mo bá nílé. Nígbà tí ààfáà àdúgbò wá kìlọ̀ pé Mùsùlùmí kì í yan ẹnìkejì rẹ̀ lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, Ìyá Àgbà ní, "Ta ló yan ta lódì? Ojoojúmọ́ la máa ń sọ̀rọ̀." Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin a máa fi wọ́n ṣeré lẹ́yìnkùlé, èmi a ṣe ológbò, òun a ṣe ewúrẹ́, títí wọ́n á fi fi ìgbálẹ̀ lé wa.

Ṣùgbọ́n ológbò kan ṣoṣo náà ni Ìyá Àgbà ní, ó sì ti dàgbà ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Eyín rẹ̀ ti ká. Eku ń gba iwájú rẹ̀ kọjá bí ẹni ń lọ sọ́jà, òun á kàn máa fi ojú sìn ín. Orí awọ àgùntàn tí Ìyá Àgbà fi ń kírun ló máa ń sùn sí lọ́sàn-án, wọ́n á sì rọra gbé e kúrò níbẹ̀ bí àsìkò ìrun bá tó, wọ́n á ní, "Jọ̀wọ́, dìde, n ò ní pẹ́." Nígbà tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì, wọ́n gbé e sínú agbọ̀n ẹja, èmi àti àwọn sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Gbogbo ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ náà ló fọwọ́ bomú.

Dókítà mú káàdì kan jáde. "Màmá, kí lorúkọ rẹ̀?"

"Kínimoṣe."

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Ẹ ò ṣe nǹkan kan o, Màmá. Orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí."

"Mo ní Kínimoṣe!"

"Ẹ má bínú, Màmá." Ó ti dìde lórí àga, ó ń dọ̀bálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ní ẹ ṣe nǹkan kan."

Èmi ni mo wá là á yé e. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó kọ orúkọ náà, ó yẹ ológbò wò láti orí dé ìrù, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Ogbó ni, Màmá. Kò sí abẹ́rẹ́ ogbó. Ẹ máa fún un lóúnjẹ rírọ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa sùn."

Bá a ṣe ń bọ̀, orí ológbò ni Ìyá Àgbà ń fọwọ́ pa títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wá dúró lójú títì, agbọ̀n wà lọ́wọ́ wọn. "Tó bá kú," wọ́n ní, "kí ni n óò fi máa bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀?"

Mo ní kí wọ́n ra òmíràn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó bú wọn. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe eku ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń kú tán, ẹnì kan ṣoṣo tó kù tó mọ̀ wọ́n nígbà èwe ni ẹni tí wọ́n ń fi ológbò pè lójoojúmọ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà, wọ́n kírun àárọ̀ tán, wọn ò rí i. Wọ́n wo abẹ́ ibùsùn, wọ́n wo inú agbọ̀n, wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Kínimoṣe! Kínimoṣe!" Ohùn wọn ti yàtọ̀. Mo dúró kí ewúrẹ́ dáhùn, kò sẹ́ni tó pe ewúrẹ́. Wọ́n tún ké, ẹkún ti wọ inú rẹ̀: "Kínimoṣe!"

Ilẹ̀kùn òdìkejì ṣí. Ìyá Kékeré jáde, wọ́n fi ìborùn wọn di ológbò náà mọ́ àyà, ìrù rẹ̀ yọ sílẹ̀. Ẹ̀yìn àmù omi wọn ló lọ kú sí.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, ìyáálé mi," wọ́n ní. "Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ó gbó ni."

Ọ̀rọ̀ dókítà gan-an ni, ṣùgbọ́n kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà fọwọ́ kan orí ológbò náà. Wọ́n wá yọjú wo inú yàrá orogún wọn, wọ́n rí àwo kékeré kan lẹ́yìn àmù, ẹ̀kọ tútù kù nínú rẹ̀.

"Abájọ tí kì í jẹ ẹja mi tán," wọ́n ní. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ara wọn sọ láìsí ẹran ọ̀sìn láàárín nìyẹn.

A sin ín sí ìdí máńgòrò. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bóyá ká pe ààfáà. Ìyá Àgbà ní ológbò kò ní ẹ̀ṣẹ̀ tí ààfáà máa bá a tọrọ àforíjì fún. A da ewé bo ojú ibojì náà, ewúrẹ́ sì dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ìyá Kékeré lanu láti pè é, wọ́n rántí orúkọ tó ń jẹ́, wọ́n pa ẹnu dé. Ewúrẹ́ náà jẹ ewé yó, ó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà ní kí n bá àwọn kó àkísà tí ológbò ń sùn lé lóru kúrò lẹ́yìn àpótí ńlá bàbá bàbá mi. Irun rẹ̀ kún ibẹ̀. Abẹ́ àkísà tó kẹ́yìn ni mo ti fa igi gígùn kan yọ, eruku bò ó. Mo gbé e sókè. Ìyá Àgbà wò ó, wọ́n jókòó wọ̀ọ̀ sórí ibùsùn.

Orógùn ni.

Wọ́n gbé e lé itan títí di ìrọ̀lẹ́. Àṣà kì í bọ̀rọ̀ tán: èèpo iṣu ti jọ, Ìyá Kékeré sì gbàgbé, wọ́n ké láti inú yàrá, "Binúrẹ! Binúrẹ o!"

Ìyá Àgbà dìde. Wọ́n gbé orógùn náà dání, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi di apá mi mú, ó ní ìjà dé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn òdìkejì ṣí, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti bi í, ìyàwó mi," wọ́n ní. "Ó ní èmi ni mo jẹ̀bi."

Ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ gbọ́, ẹkún ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Ìyá Kékeré ń béèrè ta ló máa san gbèsè fún àwọn lórí gbogbo ọdún tí àwọn fi igi lásán ro ọkà. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jẹ́ ká gbádùn mọ́. Àárọ̀ títí dalẹ́ ni wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, tí wọ́n ń jiyàn, tí wọ́n sì ń bínú ráńpẹ́. Ìyá Àgbà kò tún mú ológbò mìíràn wálé, eku sì di onílé.

Àwọn méjèèjì ti lọ, mo sì ń ṣàárò wọn gidigidi. Orógùn náà wà ní ilé ìdáná mi, ara ògiri ni mo fi kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ni àkọ́bí, ọwọ́ òun ló yẹ kó wà, pé mo ṣe bí olè bí mo ṣe mú un láìsọ. Mo ní ta ló ń pè lólè? Oṣù mẹ́ta gbáko la fi yan ara wa lódì lórí igi yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ á ní a ò kọ́gbọ́n, kò sì parọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo pè é lórí fóònù. Ó gbé e, kò sọ̀rọ̀. Mo gbé ohùn sókè bí ìgbà tá a wà lẹ́yìnkùlé.

"Kínimoṣe! Kínimoṣe o!"

Mo ti rò pé ó ti pa fóònù. "Binúrẹ," ó wá ní.

Mo wo orógùn náà lára ògiri.

"Mo ti bi í," mo ní. "Ọjọ́ wo ni kí n gbé e wá?"