Ohun Tí Ọ̀gá Mi Ń Tọ́ka Sí

Òórùn tapẹntáìn, omi tí wọ́n fi ń la ọ̀dà, ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ọ̀gá mi ní Ìfọ̀, kí èéfín ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá tó wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Olùkọ́ ni mí nígbà náà, n kò tíì lọ́kọ. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, àwọn ọmọ kún kíláàsì dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá mi yìí ni àgbà olùkọ́ wa, òun náà ló sì ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà olóróró yàwòrán.

Bí àwọn ayàwòrán òyìnbó àtijọ́ ṣe ń ṣe é ló ń ṣe é, ní ìpele-ìpele. Ti àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́ bí omi, àwọ̀ ilẹ̀ pupa tí a fi tapẹntáìn là. Bó bá gbẹ, a ó fi àwọ̀ eérú àti funfun gbé ojú àti ọwọ́ jáde, bí ara tí kò tíì lẹ́jẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọ̀ gan-an á tó máa gorí ara wọn, wọ́n á mọ́ gaara, òróró inú wọn á sì máa pọ̀ sí i bí a ti ń lọ sókè. Ẹni tó bá yí ètò yìí padà, àwòrán rẹ̀ á sán bí ògiri amọ̀.

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ló ń yà lọ́dún náà: ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, gèlè búlúù lórí, ọwọ́ méjèèjì lórí itan. Ó ti dé orí àwọ̀ ara nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá a wólẹ̀ nínú kíláàsì, tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ sì wọlé lọ, kò jáde mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n dá a padà sílé.

Nígbà tí mo lọ kí i, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwòrán náà wà ní ọ̀kánkán rẹ̀, Ìyá sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà. Ọ̀gá mi na ọwọ́ òsì síbẹ̀, ó wò mí, ohùn kan jáde tí kò di ọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n bá òun parí rẹ̀. Ó pajú dé. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ló ń wí.

Mo fi pupa fẹ́lẹ́ kan kun ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo dúró kó gbẹ, mo gbé e wá fún un. Ó mi orí, ó tún nawọ́. Mo rò pé òjìji abẹ́ àgbọ̀n ni, mo mú un dúdú sí i. Ó tún nawọ́. Mo rò pé gèlè ni, mo rò pé fèrèsé ni. Mo ń gbé ọ̀dà wá síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ̀ ẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé èyí ni?" Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ti ìbínú ni tàbí ti àánú mi. O mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí o kò mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀ ọ́ sí: o kò lè ṣe é, o kò sì lè dìde lọ. Nítorí náà, mo ṣáà ń kùn ún ni, oṣù mẹ́ta gbáko, nítorí bí mo bá dáwọ́ dúró, á dà bí ẹni pé mo ti fi í sílẹ̀.

Ó kú ní ìparí ọyẹ́, ìpele ìkẹyìn kò tíì gbẹ. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá dúró pẹ́ níwájú àwòrán náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn náà ló wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ mi, ó dára. Àmọ́ n kò rí ọwọ́ ọkọ mi níbẹ̀ mọ́."

Òótọ́ ni. Ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ti wà lábẹ́ tèmi, kò sì sí bí mo ṣe lè bó tèmi kúrò kí tirẹ̀ má bá a lọ. Títí dòní n kò mọ ohun tó ń wí. Bóyá kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá kì í tilẹ̀ ṣe àwòrán ló ń tọ́ka sí, bóyá Ìyá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, ẹni tí yóò ṣẹ́kù, pé kí n máa bá òun wò ó. Mo ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí òun náà fi kú. Nínú gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi lè jẹ́, èyí nìkan ni agbára mi ká.