Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Tí Wọ́n Ní Ó Ti Jẹrà

Èmi kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ọ̀gá mi, tí wọ́n ń kun mọ́tò ní Ìkìrun, a máa sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má bínú, ọmọ iṣẹ́ àwọn yìí gbàgbé ahọ́n rẹ̀ sílé ni. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bá ìyá mi ṣe àdín ní Ìgbayè fún ọdún mẹ́rin: mo fọ́ èkùrọ́, mo yan án, òórùn rẹ̀ wọ irun mi débi pé ọṣẹ ò ràn án mọ́. Nígbà tí mo ní ọkọ̀ kíkùn ni mo fẹ́ kọ́, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkùnrin kan láti Òkukù tó máa ń ra ògbólógbòó ọkọ̀ wá gbé wa lọ sí Inísà, kí ọ̀gá mi lè bá a yẹ ọkọ̀ kan wò. Olùkọ́ àgbà kan tó ti di olóògbé ló ni ín. Ìyàwó wọn, tí a ń pè ní Màmá, ló fẹ́ tà á. Ìwé rẹ̀ ní 1978 ni wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fẹ̀ tó ibùsùn, bọ́ńpà rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí eyín ara mi nínú rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá bá wa sọ. “Tó bá ti jẹrà, ẹ gbé e, kẹ́ ẹ gé e tà fún àwọn onírin. Tó bá ṣì dáa, ẹni tó máa wà á ni mo máa tà á fún. Ẹnikẹ́ni ò ní fi ayùn kàn án.”

A fi jáàkì gbé e sókè. Abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó nípọn, ó ṣe gbágungbàgun. Ará Òkukù ti irin ṣóńṣó bọ̀ ọ́, èyí tó ṣí kúrò sì já bọ́ sílẹ̀ ní wẹ́wẹ́.

“Ẹ wò ó! Ìpẹtà! Ó ti jẹ ẹ́ tán.”

Ọ̀gá mi ò dùbúlẹ̀ wò ó. Ṣòkòtò funfun ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọ́n mi orí. “Màmá, òkè ló dáa o. Ìsàlẹ̀ ti lọ.”

Màmá gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà.

Èmi ni mo wọ abẹ́ rẹ̀ láti kó irinṣẹ́. Ibẹ̀ ni òórùn tó wọ irun mi ní Ìgbayè ti kí mi. Mo fi èékánná ha á, mo fi àkísà tó ní kẹrosín nù ún. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kùn ún láti Amẹ́ríkà ṣì wà níbẹ̀, ó ń dán.

“Ọ̀gá, kì í ṣe ìpẹtà. Àdín ni, eruku ló lẹ̀ mọ́ ọn.”

Ará Òkukù bú sẹ́rìn-ín. “Àdín kẹ̀! Ṣé ọmọ tuntun lọkọ̀ yìí ni, tí wọ́n á fi máa pa àdín fún un? Jáde níbẹ̀ jàre, lọ wá ọkọ fẹ́.”

“Bí olóògbé ọkọ mi ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn,” Màmá wí. “Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ pa á fún un. Ọmọ àwọn ni, wọ́n á ní. A jà títí lórí àdín mi tí wọ́n ń kó tán.”

“Àdín ò ní kó má dípẹtà,” ará Òkukù wí.

“Dákẹ́, kó o jáde,” ọ̀gá mi sọ fún mi. “Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ ni?”

“Rárá sà. Ẹ wá wò ó ni.”

Wọn ò wá. Èmi náà ò jáde. Mo nù ún láti iwájú dé ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń pariwo lé mi lórí. Kò síbi tó lu. Mo wá na tọ́ọ̀ṣì sí Màmá. Wọ́n fi orúnkún kanlẹ̀, wọ́n yọjú wò ó, wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

“Mi ò tà á fún ẹ mọ́,” wọ́n sọ fún ará Òkukù. Wọ́n yíjú sí ọ̀gá mi. “Ẹ bá mi kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé, kí n fi han ẹni tó bá máa wá lẹ́yìn.”

Ọ̀gá mi ní àwọn ò kọ nǹkan kan. Mo ní èmi á kọ ọ́.

“Tó o bá kọ ọ́, má wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé.” (Mo lọ. Wọ́n fajú ro fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ṣùgbọ́n wọn ò lé mi.)

Mo kúnlẹ̀ fún wọn, torí ọ̀gá mi ni wọ́n. “Ẹ má bínú pé mo sọ̀rọ̀ lójú oníbàárà, sà. Ohun tí mo sọ, mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún un.”

Ará Òkukù fun fèrè ọkọ̀ rẹ̀ títí, àwọn méjèèjì sì lọ. Màmá fún mi ní bírò àti ìwé. Ọwọ́ ìwé mi ò dáa, mo mọ̀. Mo kọ ọ́ gbàgàdà gbàgàdà: abẹ́ ọkọ̀ yìí dáa, kò jẹrà, ẹ má gé e. Mo kọ orúkọ mi sí i. Màmá ní ó ti tó. Mo ní kò tíì tó, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìlà mìíràn: rọ́bà ilẹ̀kùn ọ̀tún ti le, kí ẹni tó bá rà á pààrọ̀ rẹ̀.